Ọdún Tí Mo Sá Tẹ̀lé Fíìmù Tuntun Láti Ìjerò Dé Ẹ̀fọ̀n

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ń yún mi lẹ́nu láti àná, n kò sì lè gbé e mì.

Ọmọ mi obìnrin tó kéré jù ló fà á. Ó kọ orúkọ àwọn fíìmù tuntun tó fẹ́ràn jù láti oṣù kìíní sí oṣù kẹfà ọdún yìí sórí fóònù rẹ̀, ó wá ní kí èmi náà mú tèmi wá. Mo bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí! Wọ́n á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á tẹ fóònù, fíìmù á wá bá wọn nínú yàrá. Ṣé wọ́n mọ̀ pé àwa la máa ń wọkọ̀ lọ bá fíìmù?

Ọdún kan wà tí èmi náà wo fíìmù tuntun mẹ́rin láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Nígbà yẹn, Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Òndó, Àkúrẹ́ ni olú ìlú wa, fídíò kò sì tíì wọ ilé irú wa. Inú ọkọ̀ ni fíìmù ń gbà wá. Àwọn eléré á kó ẹ̀rọ wọn àti jẹnẹrétọ̀ wá, wọ́n á ta aṣọ funfun sára ògiri gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n á fi aṣọ dúdú dí gbogbo fèrèsé kí oòrùn má bàa wọlé. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀. Bí fíìmù bá wà ní Ìjerò lọ́sẹ̀ yìí, ó lè jẹ́ Arámọ̀kọ ló kàn, tàbí Ìkòrò, tàbí Ẹ̀fọ̀n.

Mo wo mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, kì í ṣe ìfẹ́ fíìmù ló ń lé mi kiri. Ẹnì kan ni mò ń wá.

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Tinúkẹ́ lorúkọ rẹ̀, Àǹtí Tinú ni mò ń pè é. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí, ọdún mẹ́fà ló sì fi jù mí lọ. Lọ́dún kan, ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé kan wá ṣeré ní Ìjerò. Àǹtí Tinú lọ wò wọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀, ó tún lọ wò wọ́n ní Sátidé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, àpótí aṣọ rẹ̀ kò sí nílé mọ́. Ìwé pélébé kan ló fi sábẹ́ àwo oúnjẹ Bàámi. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun ti rí iṣẹ́ tí òun máa ṣe láyé òun.

Kí wọ́n má bínú kẹ̀! Àgbẹ̀ kòkó ni Bàámi, alàgbà sì ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lójú tiwọn, alágbe ni gbogbo eléré. Wọ́n ní àwọn kò bí alágbe. Wọ́n yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri pálọ̀, wọ́n sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ nínú ilé yẹn mọ́.

Ọdún mẹ́rin kọjá. A kò gbúròó rẹ̀. A kò mọ̀ bóyá ó wà láyé tàbí kò sí. Bí mọ́tò bá ti dúró níwájú ilé wa báyìí, ìyá mi á sáré yọjú. Bí wọ́n bá rí i pé kì í ṣe òun, wọ́n á ṣe bí ẹni pé omi ni wọ́n fẹ́ dà nù.

Èmi ti jáde ìwé mẹ́wàá nígbà yẹn, mò ń kọ́ táípù ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Ìjerò. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a wọlé nínú oṣù kìíní, Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó, dé láti Òṣogbo níbi tó ti lọ ṣọdún Kérésìmesì. Kò tilẹ̀ kí mi dáadáa tó fi fà mí lọ sẹ́yìn ilé. Ó ní òun rí Àǹtí Tinú nínú fíìmù!

Fíìmù wo? Kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó ní ìgbà tó ti dé ìdajì ni àwọn wọlé, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun sì ń ké lórí ẹsẹ̀ òun, àwọn tún jáde kó tó parí. Kí ló wá rántí? Ó ní fíìmù tuntun ni, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ní òun rí àpá tó wà lókè ojú òsì ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó gbà nígbà tó já bọ́ láti orí igi máńgòrò. Ìyẹn nìkan.

Ẹ gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ná! Ó dùn, kò dùn. Láti ọjọ́ yẹn, ara mi kò lélẹ̀ mọ́. Bí mo bá jókòó, ó máa ń ṣe mí bíi kí n dìde. Bí mo bá dìde, n kò mọ ibi tí mò ń lọ. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní táípù ní ìka mi ń sáré bí ewúrẹ́ tó já okùn. Mo sọ fún ara mi pé gbogbo fíìmù tuntun tó bá wọ agbègbè wa lọ́dún yẹn, dandan ni kí n wò ó.

Ìjerò gan-an ni wọ́n ti ṣe àkọ́kọ́, bí oṣù kìíní ṣe ń parí lọ. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ló ń jà sí igi obì tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Gbogbo èèyàn ló ní ó dùn. Èmi? N kò mọ̀! Ojú àwọn obìnrin ibẹ̀ ni mò ń wò. Bí obìnrin kan bá ti kọjá, kódà kó jẹ́ ẹni tó ń ru omi lọ lẹ́yìn pátápátá, màá dìde dúró kí n lè rí i dáadáa.

Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi fara dà á títí, kò lè fara dà á mọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé dígí lẹ̀yìn yín ni?" Gbogbo ìlà wa bú sẹ́rìn-ín. Mo jókòó. Obìnrin mìíràn kọjá, mo tún dìde. Kì í ṣe òun. Nígbà tí a jáde, Ṣadé bi mí pé ta lo rò pé ó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì. N kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ni igi obì.

Ìkejì dé Arámọ̀kọ nínú oṣù kẹta. Mo parọ́ nílé pé mo fẹ́ lọ kí àbúrò ìyá mi tó wà nílé ọkọ níbẹ̀. Ọkùnrin kan ló wà nínú fíìmù yẹn tó purọ́ fún àna rẹ̀ pé dókítà ni òun. Ọjọ́ wá pé tí inú ń run bàbá ìyàwó, ni wọ́n bá gbé e wá sílé dókítà! Háà! Mo rẹ́rìn-ín títí ìró fi ń tú lára mi. Obìnrin tó jókòó tì mí, tí n kò mọ̀ rí, ń gbá mi léjìká, èmi náà ń gbá a padà.

Ìgbà tí wọ́n ṣí fèrèsé, tí ìmọ́lẹ̀ wọlé, ni mo tó rántí. N kò wá ẹ̀gbọ́n mi rárá! Mo gbàgbé ohun tó gbé mi wá! Ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ni mo bá sùn sílé àbúrò ìyá mi, mo sì padà lọ wo fíìmù kan náà lọ́jọ́ kejì, mo la ojú mi sílẹ̀ gedegbe. Kò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú fíìmù tí mo fẹ́ràn jù lọ́dún yẹn, òun náà ni. Ó jẹ́ kí n sinmi fún wákàtí méjì. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Ẹ̀kẹta ló wá bà mí nínú jẹ́. Ìkòrò ni, nínú oṣù kẹrin. Obìnrin kan ló sọ ọmọ rẹ̀ nù lọ́jà, tó ń wá a láti ìlú dé ìlú. Ẹ ò rí i pé ìtàn mi ni wọ́n ń sọ fún mi! Mo ń sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá kù díẹ̀ kó parí, obìnrin yìí dé ẹnu ọ̀nà ilé kan, ó gbọ́ ohùn ọmọdé nínú ilé, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni òjò dé, jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kú.

Òkùnkùn ṣú bo gbogbo wa. Òjò ń lu páànù lórí wa. Àwọn eléré fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí, kò dá wọn lóhùn. Wọ́n bẹ̀ wá, wọ́n ní àwọn máa padà wá. Wọn kò padà wá o. Títí di òní tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, n kò mọ̀ bóyá obìnrin yẹn rí ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ nínú yín, ẹ ṣàánú mi!

Àní èyí tó tún burú jù ni pé, bóyá apá tó kù yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi wà. Ta ló mọ̀? N kò lè jẹun bó ṣe yẹ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyá mi pè mí sídìí ààrò. Wọ́n ń bẹ iṣu lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Fúnmi, kí ló ń lé ọ kiri?"

Mo kọ́kọ́ fẹ́ parọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí ọ̀rọ̀ Ṣadé dé orí jẹnẹrétọ̀ Ìkòrò. Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ wọn. Mo rò pé wọ́n máa sunkún. Wọn kò sunkún. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí.

"Ṣé ó sanra?"

Mo ní Ṣadé kò sọ. Wọ́n mi orí, wọ́n ń bẹ iṣu wọn lọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti fẹ́ jáde, màá bá ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun nínú báàgì mi. Bí Bàámi bá bèèrè mi, ìyá mi á ní àwọn ló rán mi níṣẹ́. Ìyàwó alàgbà! Ẹ wo ẹni tí mo sọ di onírọ́.

Bàámi fúnra wọn kì í tilẹ̀ sí nílé púpọ̀ nígbà yẹn. Lónìí, ìpàdé àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Iléṣà. Lọ́la, ìpàdé ní Adó. Èmi ń dúpẹ́ ni tèmi, nítorí ìpàdé wọn ló fún mi láyè láti rìn.

Nígbà tó di ìparí oṣù karùn-ún, ọkọ̀ kan gba Ìjerò kọjá, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí, ó ń kéde fíìmù tuntun tí wọ́n máa ṣe ní Ẹ̀fọ̀n ní Sátidé tó ń bọ̀. Wọ́n lẹ pósítà rẹ̀ mọ́ ògiri gáréèjì. Ojú àwọn ọ̀gá ló kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀, ní kọ̀rọ̀, ojú obìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ó wé gèlè sọ̀kalẹ̀ sójú. N kò rí ibi tí àpá yẹn yẹ kó wà.

Mo dúró ti pósítà yẹn títí àwọn awakọ̀ fi ń bi mí bóyá mo fẹ́ fẹ́ ẹ ni!

Ẹ wá gbọ́ ìṣòro tó wà níbẹ̀. Sátidé yẹn gan-an ni ìdánwò àṣekágbá wa ní táípù, aago méjì ọ̀sán. Ọ̀gá wa ti kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá jókòó níbẹ̀, oṣù mẹ́fà mìíràn ló máa fi tún un kọ́, kó má wulẹ̀ wá bẹ òun. Bàámi sì mọ̀ nípa ìdánwò yìí. Wọ́n ti gbàdúrà fún mi lórí rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà kí wọ́n tó lọ sí ìpàdé wọn ní Adó.

Mo lọ aṣọ mi, mo wọ bàtà mi tó dára, mo kúrò nílé bí akẹ́kọ̀ọ́ gidi. Mo dé ìkóríta tó yẹ kí n ti yà. Ẹsẹ̀ mi kò yà. Ó gbé mi lọ tààrà sí gáréèjì.

Mo wọ ọkọ̀ dé Arámọ̀kọ, mo wọ òmíràn tó ń lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Bí a ṣe ń gun òkè lọ, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín níwájú. Awakọ̀ ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀, omi inú rẹ̀ ti hó, ó di ìgbà tó bá tutù. Àwọn èrò jókòó sórí òkúta, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ṣé èmi lè jókòó? Mo ní ẹ kú ìjókòó o, mo fẹsẹ̀ rìn. Afẹ́fẹ́ òkè yẹn tutù, bẹ́ẹ̀ òógùn bò mí. Bàtà ń gé mi lẹ́sẹ̀, mo bọ́ ọ, mo fi sí abíyá, mo ń gun òkè lọ láìwọ bàtà.

Mo ti ń gbọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ kí n tó rí gbọ̀ngàn náà. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ kún dẹ́nu, kò sí àga. Mo fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́yìn pátápátá.

N kò tíì mí tán tí ilẹ̀kùn kan fi ṣí nínú fíìmù. Obìnrin kan jáde, ó ru ìkòkò. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó yí padà sí wa.

Àǹtí Tinú!

Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Òun ni. Àpá yẹn wà lókè ojú rẹ̀. Ó ga ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ, àbí aṣọ funfun yẹn ló jẹ́ kó ga ni? Ìyàwó kékeré ló ṣe, nílé ọlọ́rọ̀ kan, àwọn ìyáálé rẹ̀ kò sì fẹ́ rí i sójú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ ló dà bíi ti ẹni tí wọ́n bí sí Òṣogbo. Mo ń wò ó, mo ń ronú pé ẹ̀gbọ́n mi ti di àlejò.

Àfi ìgbà tí ọkọ rẹ̀ gbá a létí. Inú bí i, ó fa ẹrù rẹ̀ yọ, ó pariwo pé, "Mò ń lọ sí ulé bàbá mi!"

Kò pè é ní ilé o. Ulé! Bí a ṣe ń pè é nílé wa!

Gbọ̀ngàn Ẹ̀fọ̀n dàrú. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń súfèé, wọ́n ń ké pé, "Ọmọ wa ni! Ọmọ Èkìtì ni!" Èmi náà ń ké, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Inú ariwo yẹn ni ọkùnrin kan ti dìde níwájú. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó dúró ṣánṣán, òjìji orí rẹ̀ sì hàn lára aṣọ funfun náà. Àwọn èèyàn ń ké mọ́ ọn pé kó jókòó. Kò jókòó. Mo wo orí yẹn. Mo wo etí rẹ̀.

Bàámi ni!

Mo lọ sílẹ̀ mọ́ ògiri bí ológbò. Ìpàdé Adó kẹ̀! Alàgbà tó ní eléré kò yàtọ̀ sí alágbe ló dúró sáàárín gbọ̀ngàn sinimá yìí! Ẹnì kan fà wọ́n láṣọ, wọ́n jókòó.

Nígbà tó yá, àwọn ìyáálé fi májèlé sínú omi ẹ̀gbọ́n mi. Ó mu ún. Ó di òpó ilé mú, ọwọ́ rẹ̀ tú, ó ṣubú. Àwọn obìnrin inú gbọ̀ngàn ń sunkún bí ẹni pé ọmọ ìyá wọn ni. Mo rí Bàámi tí wọ́n gbé ojú sílẹ̀, wọ́n tún gbé e sókè. Wọn kò jáde.

Nígbà tí fíìmù parí, ó yẹ kí n sá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó yẹ kí n sá! Ṣùgbọ́n Bàámi kò lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń kó ẹ̀rọ jọ ni wọ́n lọ. Ẹsẹ̀ mi tún gbé mi tẹ̀lé wọn.

Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó mu májèlé yẹn, ṣé ó wà láàyè?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, eré ni o. Wọn kò pa á."

"Mo mọ̀ pé eré ni, orí mi kò dàrú. Ohun tí mò ń bi yín ni pé, lónìí tí a wà yìí, ṣé ó wà láàyè?"

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Ó ní ó wà láàyè, ara rẹ̀ le, Òṣogbo ló ń gbé pẹ̀lú ẹbí ọ̀gá àwọn. Ó wá wo Bàámi dáadáa. "Kí lẹ jẹ́ sí i?"

Bàámi la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kò jáde. Ẹni tó máa ń wàásù fún odindi wákàtí láìwo ìwé! Wọ́n tún la ẹnu.

"Bàbá rẹ̀ ni wọ́n," mo sọ ọ́ láti ẹ̀yìn wọn.

Wọ́n yíjú padà. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà. Mo ti kúnlẹ̀, mò ń retí ìgbátí.

Wọ́n ní, "Fúnmiláyọ̀, ta ló ń bá ọ ṣe ìdánwò?"

Ó dé orí ahọ́n mi láti bi wọ́n pé ta ló ń bá àwọn náà ṣe ìpàdé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ràn eyín mi!

Inú ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, ojú ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Oníkòkò kan ní Iléṣà ló ta wọ́n lólobó pé ọmọ wọn wà nínú fíìmù yìí. Wọ́n wò ó níbẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi mu májèlé, wọ́n dìde jáde. Wọ́n tún lọ wò ó ní Adó, wọ́n tún jáde níbì kan náà. Ẹ̀kẹta nìyí.

"Ọkàn mi kò balẹ̀," ni wọ́n wí. "Mo ní bóyá bí mo bá dúró dé òpin, ó máa dìde. Kò dìde."

Mo yọ ẹ̀pà tí ìyá mi dì fún mi, mo na díẹ̀ sí wọn. Wọ́n gbà á. A jẹ ẹ́ dé Ìjerò.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá táípù kò fẹ́ gbọ́ àlàyé kankan. Oṣù mẹ́fà mìíràn! Bàámi ní ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn yòókù lọ tán nírọ̀lẹ́, wọ́n wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa, wọ́n dúró sẹ́yìn mi, wọ́n ní kí n fi bébà sínú ẹ̀rọ, àwọn fẹ́ kọ lẹ́tà sí Òṣogbo.

"Kọ ọ́ pé, ọmọ mi ọ̀wọ́n." Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní rárá, yọ ọ́. "Kọ ọ́ pé, Tinúkẹ́, ìwọ náà mọ ohun tí o ṣe." Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní yọ ìyẹn náà. A ba bébà jẹ́ títí. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ohun tí wọ́n ní kí n kọ kò pé ìlà méjì: Tinúkẹ́, uṣu tuntun máa tó jáde. Máa bọ̀ ní ulé.

Mo ní, "Bàámi, wọ́n kọ́ wa pé iṣu àti ilé la máa ń kọ."

Wọ́n ní, "Bí o bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé èmi ni?"

Bó ṣe di pé gbogbo wa ń dúró nìyẹn o. Ìyá mi ń gbá iwájú ilé lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bàámi ń pẹ́ kí wọ́n tó lọ sóko, wọ́n tún ń tètè bọ̀. Èmi ń tẹ àṣìṣe. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí èsì.

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló dé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan bí oṣù kẹfà ṣe ń lọ sópin. Ìyá elépo tó ń gbé ní iwájú ilé wa ló kọ́kọ́ rí i. Ìyá yìí sì ti wo fíìmù náà nígbà tó dé Arámọ̀kọ! Wọ́n ju agbọ̀n sílẹ̀, wọ́n ń sá lọ, wọ́n ń ké pé òkú ọmọ alàgbà ti dé o! Àwọn èèyàn tú jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ń sá tẹ̀ lé wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fọwọ́ kan òun. Ìyá elépo já a léèékánná kíkan kíkan. Nígbà tó pariwo, wọ́n gbà pé kì í ṣe òkú.

Ìyá mi sáré jáde. Wọ́n di apá rẹ̀ mú, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò. Wọ́n wá gbá a mọ́ra.

Bàámi dé láti oko. Àǹtí Tinú kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ló wá sí ẹnu rẹ̀. Ó ní ọdún mẹ́rin rèé, kò sẹ́ni tó béèrè òun. Ó ní òun kọ lẹ́tà méjì ránṣẹ́ ní ọdún àkọ́kọ́, wọn kò fèsì.

Ìyá mi ní lẹ́tà wo?

Bàámi wọ yàrá, wọ́n gbé lẹ́tà méjì jáde láti inú àpótí wọn tó wà lábẹ́ ibùsùn. Wọn kò já wọn. Gọ́ọ̀mù wà lára wọn síbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni ìyá mi fi ń yọjú sí mọ́tò, lẹ́tà ọmọ wọn sì wà nísàlẹ̀ ibùsùn tí wọ́n ń sùn sí!

Bàámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. N kò rí wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ rí láyé mi. Wọ́n ní, "Mo jẹ̀bi. Ìyá Tinú, mo jẹ̀bi. Tinú, mo jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n mo ti rí i bí o ṣe kú."

"Bàámi, eré ni."

"Ojú mi kò mọ̀ pé eré ni."

Kí n má tàn yín, gbogbo nǹkan kò dára lójú ẹsẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyá mi kò bá Bàámi sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Wọ́n gba lẹ́tà méjèèjì, wọ́n ní kí n kà wọ́n fún àwọn lẹ́yìn ilé, wọ́n sì ní kí n tún wọn kà.

Ọjọ́ márùn-ún ni ẹ̀gbọ́n mi lò. Ó ní òun máa padà síbi iṣẹ́ òun. Bàámi kò ní kó lọ, wọn kò ní kó má lọ. Wọ́n kàn di ẹrù uṣu, wọ́n sìn ín dé gáréèjì. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ ṣí, wọ́n fọwọ́ lu ilẹ̀kùn rẹ̀. Awakọ̀ dúró.

Wọ́n ní, "Tinú, sọ fún ọ̀gá rẹ pé, nínú fíìmù tí ẹ máa ṣe lẹ́yìn èyí, kó wá ẹlòmíì pa."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń sunkún. Ọkọ̀ gbé e lọ.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ rèé. Mo rò pé èmi nìkan ni ara mi kò lélẹ̀ lọ́dún yẹn. N kò mọ̀ pé àwa mẹ́ta la wà nínú ilé kan, tí a ń ru ẹrù kan náà, tí olúkúlùkù sì ń fi pamọ́ fún èkejì. Bí ẹnì kan bá ti la ẹnu láti ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo ì bá gbé wa lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹni tó wà nínú ilé yín kò bá dárúkọ ẹni tó lọ, ẹ má rò pé ó ti gbàgbé rẹ̀ o!

Ẹ̀yin ńkọ́? Fíìmù wo lẹ wò láti oṣù kìíní sí oṣù kẹfà tí kò jẹ́ kí ara yín balẹ̀? Ta lẹ rí nínú rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ fún mi sísàlẹ̀ ibí yìí, gbogbo rẹ̀ ni màá kà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wà tí ẹ jẹ ní èsì, ẹ lọ kọ tirẹ̀ ná, kí ẹ tó wá kọ tèmi.